Ẹ fẹ́ máa tọ́ àwọn JJC sọ́nà nínú géèmù ọ́nláìnì? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ọmọ Èkìtì

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kété, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí làwọn èèyàn máa ń bi mí lórí Wàsáàpù tí wọ́n bá ti gbọ́ pé mo ń ṣe mẹ́ntọ̀ nínú géèmù Albion Online, àwọn míì l'Adó níbí, àwọn míì n'Ìkọ̀lé, l'Ọ̀yẹ́, n'Ìjerò, kódà àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà ń béèrè. Mo ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ síbì kan, torí ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an. Albion ni màá fi ṣàpẹẹrẹ jù torí òun ni mo mọ̀ dáadáa, àmọ́ èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ máa bá géèmù yòówù tẹ́ ẹ bá ń ta mu.

Mẹ́ntọ̀ tẹ́ ẹ ń wí yìí, kí ló ń ṣe gan-an?

Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì, ó bọ́ sínú ayé kan tí èrò pọ̀ sí, gbogbo wọn ń gẹṣin kọjá lára ẹ̀, ṣáàtì ń sáré lọ sókè kò tiẹ̀ ráyè kà á, kò mọ èyí tó yẹ kó tẹ̀, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe báyìí?" Ẹ̀yin lẹ máa dá a lóhùn. Ẹ máa bá a rìn díẹ̀, ẹ máa fi ibi tí ewu wà hàn án, lẹ́yìn náà ẹ máa fi í sílẹ̀ kó ṣe é fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ gún iyán rí mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ń gba ọmọ odó lọ́wọ́ ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ọmọ yẹn ò ní mọ iyán gún láyé, bẹ́ẹ̀ iyán Èkìtì là ń wí o, a kì í fi ṣeré.

Àwọn géèmù kan ti fi ètò yìí sínú ara wọn. Nínú Final Fantasy XIV, àmì ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tuntun, adé ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mẹ́ntọ̀, ṣáàtì kan sì wà táwọn méjèèjì ti jọ ń sọ̀rọ̀. World of Warcraft ṣí ṣáàtì tiẹ̀ fáwọn tuntun àtàwọn tó ń tọ́ wọn sọ́nà ní 2020. Ti EVE Online ló wú mi lórí jù, torí àwọn tó ń ta géèmù yẹn gan-an ló dá EVE University sílẹ̀ fúnra wọn ní 2004, kì í ṣe kọ́ńpìnnì ló ní kí wọ́n ṣe é, títí dòní wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn tuntun. Nínú Albion, ṣáàtì Help àti inú guild, ìyẹn ẹgbẹ́ táwọn tó ń ta á máa ń dá sílẹ̀, ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ti ń ṣẹlẹ̀.

Ṣé wọ́n ń sanwó?

Rárá o. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹjọ́ rí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ultima Online, tó jáde ní 1997, ní àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn tí wọ́n ń pè ní Counselor, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa dáhùn ìbéèrè àwọn tó ń ta géèmù náà. Nígbà tó yá, kọ́ńpìnnì ń yan wákàtí fún wọn, wọ́n ń ròyìn fún ọ̀gá, ó wá di ọdún 2000, àwọn kan lára wọn gbé kọ́ńpìnnì lọ sílé ẹjọ́ l'Amẹ́ríkà, wọ́n ní iṣẹ́ làwọn ṣe, káwọn gbowó. Wọ́n padà yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ wá ṣe mẹ́ntọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tó wá ń fún yín ní aago tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wọlé, tó ń bínú tẹ́ ẹ bá pẹ́, onítọ̀hún ti ń bẹ yín níṣẹ́ láìsanwó. Ẹ kúrò ńbẹ̀. Ìfẹ́ inú yín ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, lásìkò tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

Mi ò tíì mọ̀ ọ́n ta tó bẹ́ẹ̀. Ṣé mo lè ṣe é?

Ẹ lè ṣe é. Kódà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ibi tí ẹni tuntun wà ló máa ń rántí ohun tó rú òun lójú. Àwọn tó ti pẹ́ gan-an ti gbàgbé, wọ́n á ní "ṣáà lọ sí bank kó o lọ kó o síbẹ̀", ọmọ ọlọ́mọ ò tíì mọ àmì bank, ibi tí wọ́n ń kó ẹrù pa mọ́ sí, lórí máàpù. Ohun tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ jọ wá a. Ẹni tó ń pa irọ́ láti fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́.

Láìtì ò dúró, dátà wọ́n. Ṣé ó ṣeé ṣe láti Èkìtì níbí?

Ó ṣeé ṣe. Láti 2021 ni Albion ti wà lórí fóònù, ayé kan náà lẹ́yin tẹ́ ẹ lo fóònù àti ẹni tó lo kọ̀ǹpútà wà, kò ní tiyín kò ní tèmi. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ta á láti 2019. Dídáwúnlóòdù ẹ̀ ló máa ń jẹ dátà, ẹ wá ibi tí Wi-Fi wà fún ìyẹn, tàbí kẹ́ ẹ lo dátà òru.

Sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé géèmù ró) mẹ́ta ló wà, ti Amẹ́ríkà, ti Éṣíà àti ti Yúróòpù tí wọ́n ṣí ní 2024. Ti Yúróòpù ló sún mọ́ wa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ tètè sọ èyí fún ẹni tuntun kó tó yan nǹkan, torí ohun tó bá kó jọ lórí sáfà kan ò lè bá a lọ sórí èkejì, mo ti rí ẹni tó ta á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí sáfà tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kankan ò sí.

Ẹ má ṣèlérí ju agbára láìtì yín lọ. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé NEPA máa ń mú un lọ láago mẹ́jọ, ẹ má dá aago mẹ́jọ fún ẹnikẹ́ni. Aago UTC ni géèmù ń lò, tiwa fi wákàtí kan ṣáájú, tí wọ́n bá ní aago 19, aago mẹ́jọ alẹ́ ni l'Adó. Ẹ má sì mú ẹni tuntun lọ síbi tó léwu nígbà tí bátìrì yín ti ń pọ́n, torí tí fóònù bá kú, ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ nínú géèmù ò ní parẹ́ lójú ẹsẹ̀, á dúró síbẹ̀ káwọn olè wá bá a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Ẹ̀fọ̀n, láàárín òkè níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín dáadáa.

Kí ni kí n kọ́ ẹni tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ ní nǹkan kan, ẹ bi í pé kí ló gbé e wá. Ọ̀gbẹ́ni Richard Bartle, tóun àti Roy Trubshaw ṣe MUD, géèmù ọ̀rọ̀ kíkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń ta, ní yunifásítì Essex láyé 1978, kọ ọ́ ní 1996 pé oríṣi mẹ́rin làwọn tó ń ta irú géèmù yìí: àwọn kan fẹ́ gorí lẹ́fẹ́ẹ̀lì, àwọn kan fẹ́ rìn kiri kí wọ́n mọ gbogbo kọ̀rọ̀, àwọn kan fẹ́ bá èèyàn tàkúrọ̀sọ, àwọn kan sì fẹ́ jà. Èmi gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn máa ń dà á pọ̀. Tí ẹni tó fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ bá wá, tẹ́ ẹ wá ní kó máa gé igi láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní padà wá lọ́la. Ẹ sì máa bi í bó bá fẹ́ràn ọjà. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń bá màmá ẹ̀ tajà n'Ìkẹ́rẹ́, ìjà ò wọ̀ ọ́ létí rárá, àmọ́ bí mo ṣe fi ọjà géèmù hàn án tí mo ní iye tí wọ́n ń ta awọ n'ìlú yìí kọ́ ni wọ́n ń tà á n'ìlú kejì, ojú ẹ̀ là. Òun ló padà wá ń sọ fún mi pé awọ la ń kó lọ sílùú Martlock nínú géèmù, igi là ń kó lọ sílùú Fort Sterling, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ṣíṣe wọn ti ń mú èrè wá jù. Mi ò sọ ọ́ fún un, fúnra ẹ̀ ló lọ wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀ ilẹ̀. Èyí ò gbọ́dọ̀ dọ̀la. Ilẹ̀ búlúù, kò séwu èèyàn. Ilẹ̀ yẹ́lò, wọ́n lè lù yín ṣubú àmọ́ ẹrù yín ò lọ. Ilẹ̀ pupa àti ilẹ̀ dúdú, tí wọ́n bá pa yín, gbogbo ohun tó wà lára yín ti lọ nìyẹn, àtẹṣin àtaṣọ. Ẹ ṣí máàpù pẹ̀lú ẹ̀, ẹ ní kó fi ìka tẹ ìlú tó wà, kó sọ àwọ̀ gbogbo ọ̀nà tó jáde níbẹ̀ fún yín. Ẹ má sọ fún un, òun ni kó sọ fún yín. Ẹ fi ìlú Caerleon tó wà láàárín máàpù hàn án, kẹ́ ẹ sọ pé ilẹ̀ pupa ló yí i ká, kó má lọ tọ ibẹ̀ torí ó gbọ́ pé owó wà níbẹ̀.

Ẹ wá sọ fún un pé ohun tó bá wọ̀ ló jẹ́. Nínú géèmù míì, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti yan jagunjagun, jagunjagun lẹ jẹ́ títí. Nínú Albion, tó bá mú ọ̀pá ìwòsàn lónìí, ó ń wo èèyàn sàn nìyẹn, tó bá mú ọrun lọ́la, ọdẹ ni. Èyí máa ń fi àwọn tuntun lọ́kàn balẹ̀ torí wọ́n ti ń bẹ̀rù pé àwọn ti yàn án ṣì. Fi bank kún un, pé ohun tó bá kó sí bank ìlú kan, ìlú yẹn ló wà. Ó tó. Ẹ má kó gbogbo ọgbọ́n orí yín dà sí i lórí lọ́jọ́ kan.

Ẹni tuntun náà ní kí n fún òun ní sílífà, owó inú géèmù. Ṣé kí n fún un?

Ẹ má fún un. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, pàápàá fáwa tí wọ́n tọ́ ká máa fún àlejò ní nǹkan, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ahun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: ẹ fún un ní mílíọ̀nù kan, ó ra ìhámọ́ra lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí kò tíì lè lò dáadáa, ó wọ̀ ọ́ lọ sílẹ̀ pupa, wọ́n kó o lọ, ó padà wá bá yín. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń rówó, kò sì mọ ìdí tí wọ́n fi pa á. Ẹ ti wá di ibi tí owó ti ń jáde, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ó ti mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì wá.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ bá a wá owó náà. Ẹ jọ lọ gé igi nílẹ̀ búlúù, ẹ jọ wọ dungeon kékeré, ihò táwọn ọ̀tá inú géèmù wà, kí ohun tó bá rí jẹ́ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún un lẹ́bùn, ẹ fún un ní irinṣẹ́, àáké tàbí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó awọ ẹran, kó lọ lò ó. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹ̀bùn tó ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó ní òun ti rí ẹnì kan tó ń ta sílífà ní náírà.

Kó má rà á. Òfin géèmù ò gbà á, wọ́n sì máa ń tìtorí ẹ̀ ti àkáǹtì pa. Tó bá ṣáà fẹ́ náwó, kó ra gold, owó kejì inú géèmù, lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì tó ni géèmù, ọjà wà nínú géèmù tó ti lè fi gold yẹn pààrọ̀ sílífà láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Wọ́n pa á, gbogbo ẹrù ẹ̀ lọ, ó ní òun ò ta á mọ́. Kí ni kí n sọ?

Ibí ni iṣẹ́ mẹ́ntọ̀ wà. Àwọn ìyókù tí mo ti ń sọ bọ̀, ẹni tó bá ní sùúrù lè kà á fúnra ẹ̀, àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kó èèyàn, kò sí ìwé tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ọmọkùnrin kan tó ń gbé n'Ìwọ̀rọ̀kọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ EKSU, ó ti kó igi jọ fún ọjọ́ mélòó kan, ó di gbogbo ẹ̀ sórí màlúù ìkẹ́rù, ó ní òun ń lọ tà á. Ó gba ilẹ̀ pupa kọjá torí ọ̀nà yẹn yá. Nígbà tó máa kọ̀wé sí mi, gbólóhùn kan péré ló kọ: "bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti kó mi tán."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí." Mi ò sọ̀rọ̀ míì fúngbà díẹ̀. Ẹ má sọ pé "ṣebí mo sọ fún ẹ", kódà tẹ́ ẹ bá sọ fún un. Ẹ sì má sọ pé "géèmù lásán ni", torí àkókò tó lò kì í ṣe lásán. Lẹ́yìn ìgbà tó ti bú àwọn olè yẹn dáadáa, mo wá bi í:

"Kí lẹ rí kí wọ́n tó bá yín?"

"Mo rí ẹnì kan lórí ẹṣin, orúkọ ẹ̀ pupa." (Ẹni tó bá ti múra láti pa èèyàn ni orúkọ ẹ̀ máa ń pupa.)

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ wà lórí màlúù àbí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀?"

"Mo ti sọ̀ kalẹ̀, mo rí igi kan tó dáa lójú ọ̀nà, mo ní kí n gé e."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ fúnra ẹ̀: "Ṣé ká ní mi ò sọ̀ kalẹ̀ ni?" Ìdáhùn ti jáde nìyẹn, òun ló sì sọ ọ́. Mo kàn fi kún un pé màlúù lọ́ra, ẹrù wúwo, ẹni tó bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ máa nílò ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó lè gùn ún padà, àwọn olè ò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ ìhámọ́ra olówó pọ́ọ́kú, èyí tí kò ní dun ẹnikẹ́ni tó bá lọ, a ò kó ẹrù kankan, a padà sílẹ̀ pupa yẹn. A ò lọ jà, ńṣe la lọ wo bí wọ́n ṣe ń rìn. Ó ń pè é fún mi: ẹnì kan rèé, orúkọ ẹ̀ ò pupa, ẹnì kan rèé, ó pupa, ó dúró síbi ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pa wá lẹ́ẹ̀kan, a rẹ́rìn-ín, a tún padà wọlé. Ìbẹ̀rù tó wà lára ẹ̀ ló fẹ́ lé e kúrò nínú géèmù, kì í ṣe igi tó lọ.

Ẹ fi òfin kan sí i létí, òfin táwọn tó ń ta Albion máa ń sọ: ẹ má wọ ohun tẹ́ ẹ ò lè rà padà.

Mi ò mọ ọjọ́ orí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. "O" ni àbí "ẹ"?

"Ẹ" ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó wà lórí ẹni yẹn lè jẹ́ DarkSlayer, kó jẹ́ bàbá tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ló wà ńdìí ẹ̀, irú wọn ń bẹ, mo ń bá ọ̀kan sọ̀rọ̀ dáadáa, "bàbá" ni mò ń pè wọ́n, wọ́n sì máa ń fi "ọmọ mi" dá mi lóhùn kí wọ́n tó béèrè bí wọ́n ṣe ń tún idà ṣe. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín ni, òun fúnra ẹ̀ á ní kẹ́ ẹ fi "ẹ" sílẹ̀. Tó bá jẹ́ àgbà, ẹ ti ṣe ohun tó yẹ. Àgbà tí wọ́n bá yájú sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ò ní béèrè ìkejì, á kàn lọ wọ́ọ́rọ́.

Ohun míì tún wà: àgbàlagbà máa ń tijú láti béèrè lójú gbogbo ayé. Ẹ fi ṣáàtì ìkọ̀kọ̀ bá wọn sọ ọ́.

Kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?

Èyí gan-an ló mú mi bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ò sí nínú àwọn èdè tí Albion ní, ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó lọ́gbọ́n lórí, télọ̀, mẹkáníìkì, ìyá ọlọ́jà, wọ́n wọlé, wọ́n rí Gẹ̀ẹ́sì lọ́tùn-ún lósì, wọ́n bá pa fóònù dé. Kì í ṣe pé wọn ò lè ta á. Wọn ò rẹ́ni bá wọn sọ ọ́ ni.

Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí Wàsáàpù, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, ẹ sọ Yorùbá, kódà ẹ sọ èdè ìlú yín tó bá jẹ́ ará ìlú yín ni. Àmọ́ ẹ má yí orúkọ bọ́tìnì padà. Tó bá jẹ́ "Repair" ló wà lójú fóònù, ẹ pè é ní Repair, torí ohun tó máa wá nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò ojú fóònù yín, ẹ fi pupa yí ibi tó yẹ kó tẹ̀ ká, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti mọ ogún ọ̀rọ̀ ojú fóònù yẹn, ó ti lè máa rìn.

Ọmọdé ni, ọmọ ọdún méjìlá kan báyìí.

Ẹ má béèrè orúkọ ilé ìwé ẹ̀, àdúgbò ẹ̀, tàbí fọ́tò ẹ̀, tó bá sì fẹ́ sọ ọ́, ẹ dá a dúró. Inú ṣáàtì guild níbi tí àwọn míì ti ń rí i ni kẹ́ ẹ ti máa kọ́ ọ, ẹ má kó ọ̀rọ̀ ọmọdé lọ sí ìkọ̀kọ̀. Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dí ẹni burúkú lọ́nà àti bí wọ́n ṣe ń fẹjọ́ sùn kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ ní ìjà. Tí ẹnì kan nínú guild bá ń pe ọmọ yẹn sẹ́yìn léraléra, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ má fojú pa á rẹ́ torí ẹni yẹn mọ géèmù ta. Lórí èyí, mi ò gba àwáwí kankan.

Ìyá ẹ̀ pè mí, ó ní ṣé yàhúù ni mò ń kọ́ ọmọ òun.

Ẹ má bínú sí ìyá yẹn. Ó yẹ kó béèrè, gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tó ń di fóònù mú lóru. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ẹ ní kí wọ́n jókòó ti ọmọ wọn kí wọ́n wo ohun tá a ń ṣe. Ẹ jọ fi àdéhùn sí i: aago báyìí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí WAEC tàbí JAMB bá ti sún mọ́lé, a sinmi. Ẹ dúró lórí àdéhùn yẹn. Tí ọmọ yẹn bá yọ́ wọlé láago méjì òru, ẹ ní kó lọ sùn, ẹ má bá a ta á.

Ẹnì kan ní kó mú pásíwọ́ọ̀dù wá, òun á bá a gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì ẹ̀ sókè.

Olè ni. Kò sí mẹ́ntọ̀ gidi tó ń gba pásíwọ́ọ̀dù, ẹ̀yin náà ẹ má gbà á, kódà tó bá fi tìfẹ́tìfẹ́ fún yín. Bákan náà làwọn tó ń ní "fún mi ní sílífà, màá dá a padà ní ìlọ́po méjì", èyí ti wà nínú géèmù ọjọ́ pẹ́, ẹni tuntun ni wọ́n máa ń wá. Ẹ sọ fún un ṣáájú kó tó pàdé wọn, torí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á, kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe.

Obìnrin ni mí, àwọn ọkùnrin inú ṣáàtì ò jẹ́ kí n gbádùn.

Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ohùn yín tàbí fọ́tò yín. Ẹ dí wọn lọ́nà, ẹ fẹjọ́ wọn sùn, kẹ́ ẹ sì wá guild tí olórí ẹ̀ máa ń lé irú wọn jáde. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ jẹ́ mẹ́ntọ̀, tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀ tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé, ẹ má dúró dìgbà tí obìnrin yẹn bá wá bá yín. Àwọn obìnrin tó ṣe mẹ́ntọ̀ tí mo mọ̀, sùúrù wọn àti bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀ ti mú èèyàn púpọ̀ dúró, ó máa dùn mí tá a bá pàdánù wọn nítorí aláìmọ̀wàáhù.

Ẹni mélòó ni mo lè mú lẹ́ẹ̀kan náà?

Méjì tàbí mẹ́ta. Tó bá ti jù bẹ́ẹ̀, ẹ fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́.

Ìbéèrè kan náà ló ń bi mí lójoojúmọ́, ó ti ń sú mi.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdáhùn yín ló gùn jù. Ẹ dá a padà sí i: "Kí lẹ rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ló ń bà á. Tó bá tún ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó máa lọ kà á.

Tó bá sì sú yín lóòótọ́, ẹ sinmi. Ẹ wí fún un pé ẹ ò ní wọlé lọ́sẹ̀ yìí, kó lọ bá lágbájá. Àsìkò Ùdírókò l'Adó, tí ilé bá kún fún àlejò, mi ò kì í wọlé rárá, mo sì máa ń sọ ọ́ ṣáájú. Ohun tó burú ni kẹ́ ẹ wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ máa fi ìbínú dá èèyàn lóhùn, torí ẹni tuntun ò mọ̀ pé ó rẹ̀ yín ni, á rò pé òun ló gọ̀.

Ìgbà wo ni mo máa mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti parí lórí ẹnì kan?

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí i nínú ṣáàtì Help tó ń dá ẹlòmíì lóhùn. Ẹ má dá sí i, kódà tí ìdáhùn ẹ̀ ò bá tó tiyín. Tó bá ṣì í sọ, ẹ fi ìkọ̀kọ̀ sọ fún un, kó fúnra ẹ̀ lọ tún un ṣe. Àwọn mẹ́ntọ̀ kan ò fẹ́ káwọn tí wọ́n kọ́ kúrò lábẹ́ wọn, wọ́n á máa pè é ní "ọmọ mi" títí, wọ́n á máa bínú tó bá lọ guild míì. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ó wá ta géèmù ni, kò wá sin ẹnikẹ́ni.

Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní?

Ẹ ṣáàjì fóònù yín kó kún. Ẹ ṣí àkáǹtì tuntun tẹ́ ẹ bá ti pẹ́ nínú géèmù, ẹ tún ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ta kẹ́ ẹ rántí bó ṣe rí, òkúta àkọ́kọ́, igi àkọ́kọ́, àáké àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá padà sí àkáǹtì yín, ẹ lọ dúró sí ìlú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kẹ́ ẹ ṣí ṣáàtì Help. Ẹ má pariwo pé mẹ́ntọ̀ lẹ jẹ́, ẹ kàn máa kà á. Bí ẹnì kan bá béèrè ibi tí bank wà, ẹ sọ fún un, kẹ́ ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ jọ rìn débẹ̀.